Bí A Ṣe Ń Mọ Ìrìn Omi Nínú Agbolé Ẹni ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹni tó bá ń gbé Ìsàlẹ̀ Èkó, omi ló yí i ká. Ọ̀sà wà nítòsí, òkun kò jìnnà, kànga wà láàárín ọ̀pọ̀ agbolé, òjò sì ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹta títí di ìparí oṣù kẹwàá. Síbẹ̀, tí ẹ bá bi wá pé kí ló dé tí omi kànga kan fi máa ń ní iyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tàbí kí ló dé tí òjò kan yóò fi rọ̀ ní Òpópónà Adéníjì Adélé tí gọ́tà yóò gbé e lọ láàárín wákàtí kan, tí òmíràn tí kò pọ̀ tó o yóò sì dúró sójú títì di ọjọ́ kejì, ohun tí ọ̀pọ̀ wa yóò sọ ni pé bí Èkó ṣe rí nìyẹn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ yẹn ní ìdí, ìdí náà kò sì fara pamọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ike omi kan, okùn kan, ọ̀rá mẹ́ta, agolo kan àti ìwé ìkọ̀wé kan lè fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Omi òjò, omi kànga, omi ọ̀sà àti omi tó wà nínú ewé igi ojúde, omi kan náà ni gbogbo wọn. Ìrìn ló ń rìn láti ibì kan dé òmíràn. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí omi ń gbà wọ agbolé rẹ̀ àti ọ̀nà tó ń gbà jáde yóò mọ ibi tó yẹ kó da sìmẹ́ńtì sí àti ibi tí kò yẹ, yóò mọ iṣẹ́ tí kànga rẹ̀ lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe, yóò sì mọ ìdí tí igi kan ṣoṣo fi tó ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ lé lórí kí wọ́n má gé e. Ẹ má kánjú. Iṣẹ́ ọdún kan ni mo fẹ́ kọ́ yín, ṣùgbọ́n kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lójúmọ́. Tí ọmọ ilé ìwé bá wà nínú ilé, ẹ fà á mọ́ra, yóò wúlò fún un ju ohun tó ń há sórí lọ.

Ẹ wá ike omi oní lítà kan ààbọ̀ tí ara rẹ̀ gún dáadáa, rúlà, máàkà tí omi kì í pa rẹ́, okùn tó gùn tó mítà mẹ́wàá, irin tàbí òkúta tó wúwo, ọ̀rá mẹ́ta tó mọ́ gaara bí irú èyí tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì, àti agolo ńlá kan tí ẹ ti gé ìdí rẹ̀ kúrò. Aago ti wà nínú fóònù yín. Ó tán.

Ẹ kọ́kọ́ wọn òjò

Ẹ fi ọ̀bẹ gé orí ike náà níbi tí ọrùn rẹ̀ parí sí, níbi tí ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gún. Ẹ dojú orí tí ẹ gé yìí dé inú ara ike, kí ó di àrọ. Àrọ náà ni yóò máa gba òjò wọlé, òun náà ni kò ní jẹ́ kí oòrùn tètè fa omi gbẹ. Ìdí ike kì í tẹ́jú, nítorí náà ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i kí afẹ́fẹ́ má gbé e ṣubú, kí ẹ sì bu omi lé e títí yóò fi bo òkúta àti gbogbo gbágungbàgun ìsàlẹ̀ yẹn. Ẹ fa ìlà sí ibi tí ojú omi dé. Ìlà òdo nìyẹn. Láti orí rẹ̀ ni ẹ óò ti fi rúlà fa àwọn ìlà yòókù lọ sókè, ní mìlímítà márùn-ún márùn-ún.

Ibi tí ẹ óò gbé e sí ló le jù ní Ìsàlẹ̀ Èkó, torí ilé sún mọ́ ilé débi pé páànù ilé kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ti èkejì. Tí ẹ bá gbé ike sí àárín ilé méjì, ọ̀ṣọ̀rọ̀ ni yóò gbà, kì í ṣe òjò, tàbí kí ògiri ṣíji bò ó kí òjò má dé ibẹ̀ rárá. Orí dẹ́kì tó ṣí sílẹ̀ ló dára jù. Tí ògiri tàbí táǹkì kan bá fi mítà kan ga ju ike lọ, ẹ jẹ́ kí àlàfo àárín wọn tó mítà méjì, ó kéré tán. Ẹ fi bíríkì méjì há a mọ́lẹ̀.

Láràárọ̀, ní aago méje, ẹ lọ kà á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ títí ojú yín yóò fi wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú ojú omi, torí ẹni tó bá wò ó láti òkè yóò kà á sódì. Ẹ kọ iye mìlímítà sínú ìwé, ẹ da omi náà nù, kí ẹ sì tún bu omi sí i dé ìlà òdo. Ọjọ́ tí òjò kò bá rọ̀, ẹ kọ òdo. Ẹ má fi àyè sílẹ̀ lófìfo, nítorí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ẹ kò ní mọ̀ bóyá òjò ni kò rọ̀ àbí ẹ gbàgbé láti gòkè.

Nísinsìnyí, kí ni mìlímítà kan jẹ́? Mìlímítà òjò kan tó bá bọ́ sórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan, lítà omi kan géérégé ni. Ẹ gbé ìṣirò yẹn lọ sórí òrùlé yín. Òrùlé tó gùn ní mítà 10 tó sì fẹ̀ ní mítà 8 jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 80. Tí òjò mìlímítà 25 bá rọ̀, èyí tí kì í ṣe ohun àrà ní oṣù kẹfà, lítà 2,000 ló bọ́ sórí òrùlé yẹn: kẹ́ẹ̀gì oní lítà 25 ọgọ́rin. Ẹ ronú iye tí mẹ́ruwà ń gbà lórí kẹ́ẹ̀gì kan. Ẹ wá ronú ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011, nígbà tí òjò tó lé ní mìlímítà 200 rọ̀ sí Èkó láàárín ọjọ́ kan tí àgbàrá sì gba ẹ̀mí àwọn ènìyàn. Lórí òrùlé kan péré bí irú èyí, ó lé ní kẹ́ẹ̀gì 640. Gbogbo òrùlé láti Ẹnu Ọ̀wá títí dé Ìdúmọ̀tà ló tú tiwọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo rẹ̀ sì ń wá gọ́tà kan náà lọ.

Omi yìí ti inú òkun wá. Oòrùn gbóná lórí Òkun Àtìláńtíìkì, omi di oru, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn sì gbé oru náà wá sórí ilẹ̀ wa. Oru tó bá gòkè á tutù, á sì di òjò. Afẹ́fẹ́ kejì wà tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn, gbígbẹ ni, eruku ló sì ń gbé: ọyẹ́ nìyẹn. Ibi tí afẹ́fẹ́ méjèèjì ti pàdé máa ń tẹ̀ lé oòrùn lọ sí àríwá, á sì tún padà sí gúúsù. Bó ṣe ń gba orí wa kọjá lọ ni òjò oṣù kẹrin títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ń rọ̀ wá. Bó ṣe ń padà bọ̀ ni ti oṣù kẹsàn-án àti kẹwàá. Láàárín méjèèjì, nígbà tí òjò wà lọ́dọ̀ àwọn ará Kánò àti Ṣókótó, àwa á sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Òkun náà ń dá kún ìsinmi yẹn: láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù máa ń ru láti ìsàlẹ̀ wá sójú ní etíkun Côte d'Ivoire àti Ghana, oru kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gòkè lórí omi tútù. Ìwé yín yóò fi òkè méjì àti àfonífojì kan hàn yín kí ọdún tó parí, ẹ óò sì mọ ohun tó fà á.

Ẹ bi ilẹ̀ léèrè

Òjò tó dé ilẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta: kí ilẹ̀ mu ún, kí ó ṣàn lọ, tàbí kí oòrùn fà á. Agolo tí ẹ gé ìdí rẹ̀ ni ẹ óò fi mọ èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nínú agbolé yín.

Ẹ ti agolo náà wọ inú ilẹ̀ níwọ̀n ìbú ìka méjì, kí omi má rí ọ̀nà gba abẹ́ rẹ̀ sá lọ. Ẹ bu omi ife kan sí i, ẹ wo aago, kí ẹ sì kọ iye ìṣẹ́jú tó gbà kí omi náà tó wọlẹ̀ tán. Ẹ tún bu ife kejì síbẹ̀ kan náà, torí ilẹ̀ gbígbẹ máa ń tan ènìyàn: ife kìíní á lọ kíá, ife kejì ni yóò sọ òótọ́. Ẹ ṣe é lábẹ́ igi, ẹ ṣe é lójú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ṣe é níbi tí ewúro tàbí gbúre wà. Lábẹ́ igi, omi yóò tètè wọlẹ̀ nítorí pé gbòǹgbò àti ekòló ti la ihò sínú ilẹ̀. Lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ ti fún àwọn ihò yẹn pọ̀, omi yóò jókòó. Lórí sìmẹ́ńtì, kò sí ohun tí agolo fẹ́ ṣe. Ẹ kàn da ife omi kan sílẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ lé e títí ẹ óò fi rí ilé ẹni tó ṣàn lọ.

Ẹ tún un ṣe ní oṣù kẹta àti ní oṣù keje. Ilẹ̀ kan náà tó mu omi kíá ní oṣù kẹta lè kọ̀ ọ́ ní oṣù keje, torí pé omi abẹ́ ilẹ̀ ti gòkè, àyè kò sì sí mọ́. Ohun tí àwọn kan ń pè ní gọ́tà dídí, nígbà mìíràn ilẹ̀ tó ti yó ni. Mi ò sọ pé ìdọ̀tí kò sí nínú gọ́tà o. Ó wà, ọwọ́ wa ló sì ti wá.

Ìtàn ibi tí ẹ ń gbé wà nínú èsì agolo yìí. Ìdúmàgbò ti jẹ́ ọ̀sà kékeré rí, Ẹlẹ́gbàtà sì jẹ́ ipa odò tó wọ inú ìlú. Láyé ìjọba amúnisìn, nígbà tí wọ́n ń bá ẹ̀fọn àti ibà jà, wọ́n kó iyanrìn dí irú àwọn àbàtà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ ipa omi kan tí wọ́n fi orúkọ Gómìnà MacGregor pè láàárín Èkó àti Ìkòyí kí àbàtà lè gbẹ. Ipa omi náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n padà dí. Ilẹ̀ tó ti jẹ́ àbàtà rí kì í ga, nítorí náà ibẹ̀ ni àgbàrá kọ́kọ́ ń lọ. Tí agbolé yín bá wà níbi tí àwọn àgbà ń pè ní ojú omi àtijọ́, ẹ má retí pé ilẹ̀ yóò mu òjò bí ó ti ń mu ún lórí ilẹ̀ yanrìn tó ga.

Kànga

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró pẹ́ jù.

Ẹ so irin mọ́ ẹnu okùn, kí ẹ fi máàkà sàmì sí okùn náà ní ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fa àmì kan tí kò ní parẹ́ sí ètè kànga, torí ibẹ̀ kan náà ni ẹ gbọ́dọ̀ ti máa wọ̀n ọ́n nígbà gbogbo. Ẹ sọ okùn kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí irin yóò fi kan omi. Ẹ óò gbọ́ ọ, ọwọ́ yín yóò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ di okùn mú níbi àmì ètè, ẹ fà á jáde, ẹ kà á. Ìdájí ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹnikẹ́ni tó fa omi. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ dá ṣe èyí o, kí àgbàlagbà dúró tì í, kí ọmọrí kànga sì padà sórí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ fi iye òjò àti ìwọ̀n okùn kànga sí ojú ewé kan náà: bí okùn bá ṣe kúrú sí ni omi ṣe ga sí. Ẹ óò rí i pé bí òjò ṣe ń pọ̀ ni omi kànga ń gòkè, ṣùgbọ́n kì í gòkè lọ́jọ́ kan náà. Ó ń gba àkókò. Omi náà ń já wọ inú yanrìn díẹ̀díẹ̀, ó sì ń kóra jọ síbẹ̀. Òjò tó rọ̀ ní oṣù kẹwàá ni ẹ ń fà ní oṣù kejìlá.

Kí ló wà lábẹ́ omi dídùn yẹn? Omi iyọ̀. Orí erékùṣù ni Ìsàlẹ̀ Èkó wà, omi iyọ̀ sì wọ inú yanrìn rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ìsàlẹ̀. Omi òjò fúyẹ́ ju omi òkun lọ, nítorí náà ó ń léfòó lórí rẹ̀ nínú ilẹ̀, láìsí ohun tó pààlà sí wọn láàárín ju ìwọ̀n ìwúwo wọn lọ. Àwọn onímọ̀ ti ṣe ìṣirò rẹ̀: níbi tí yanrìn bá jinlẹ̀ tó, tí omi dídùn sì fi mítà kan ga ju ojú òkun lọ nínú rẹ̀, omi dídùn náà lè lọ sísàlẹ̀ tó nǹkan bí mítà 40 kó tó kan iyọ̀. Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ yí i padà kí ẹ wò ó. Tí a bá fa omi títí ojú rẹ̀ fi wálẹ̀ ní ìdajì mítà, tí a kò sì jẹ́ kí òjò dá a padà, omi iyọ̀ lè fi nǹkan bí mítà 20 gòkè wá bá wa. Kì í ṣe lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀. Ìdí nìyí tí kànga fi ń ní iyọ̀ ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo adúgbò ń fà tí òjò kò sì rọ̀. Ìdí nìyí náà tí sìmẹ́ńtì tí a dà bo gbogbo ojúde fi ń ba kànga jẹ́: a ti ti ilẹ̀kùn mọ́ òjò tó yẹ kó máa ti iyọ̀ sẹ́yìn.

Ẹ lè fi ojú rí iyọ̀ náà. Ẹ bu ṣíbí omi mẹ́wàá láti inú kànga sínú àwo dúdú kan, ṣíbí mẹ́wàá omi òjò sínú èkejì, ṣíbí mẹ́wàá omi ọ̀sà láti Ẹbúté Èrò sínú ẹ̀kẹta. Ẹ gbé wọn sínú oòrùn títí omi yóò fi gbẹ. Àwo òjò yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ẹ wo bí ìdọ̀tí funfun tó kù nínú àwo kànga ṣe pọ̀ tó, kí ẹ tọ́jú ọjọ́ náà sínú ìwé, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Lítà omi òkun kan ní nǹkan bí gíráàmù iyọ̀ 35, nítorí náà díẹ̀ tó bá wọ kànga tó láti bà á jẹ́. Ọṣẹ náà ń sọ̀rọ̀: omi tó bá ní iyọ̀ tàbí ohun alumọ́ni púpọ̀ kì í tètè hó. Àwọn kan máa ń ju ẹyin sínú omi láti mọ̀ bóyá ó ní iyọ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹyin tútù ń rì sínú omi òkun pàápàá.

Àwọn àgbà mọ iyì omi dídùn yìí kí ìwé tó sọ ọ́. Ìtàn Èkó sọ pé oko ata Arómirẹ́ ni ibi tí Ìgá Ìdúngánrán, ààfin Ọba Èkó, dúró sí lónìí, ata kì í sì í ṣe dáadáa nínú omi iyọ̀. Ní Òpópónà Kakawa, ilé ìdílé da Rocha tí Èkó mọ̀ sí Water House gba orúkọ yẹn nítorí kànga tó wà nínú rẹ̀. João Esan da Rocha, ọ̀kan nínú àwọn tó padà bọ̀ láti Brazil, ń ta omi rẹ̀ fún ará ìlú nígbà tí omi ẹ̀rọ kò tíì sí. Òǹkọ̀wé ará Brazil, Antonio Olinto, fi orúkọ ilé náà pe ìwé ìtàn kan tó gbé jáde ní 1969. Nígbà tí ìjọba fa omi odò láti Ìjú wá sí Èkó láyé Gómìnà Lugard, tí wọ́n sì fẹ́ gba owó orí omi, ará Èkó kọ̀, Herbert Macaulay sì wà lára àwọn aṣáájú wọn. Wọ́n bi ìjọba pé kí ni àwọn fẹ́ fi omi olówó ṣe nígbà tí kànga àwọn wà. Ó yẹ kí ìbéèrè yẹn ká wa lára lónìí, nítorí kànga náà ṣì wà, ṣùgbọ́n a kò lè mu ún mọ́.

Mo fẹ́ kí èyí yé gbogbo ènìyàn: omi tó mọ́ gaara lójú lè má mọ́ fún mímu. Kànga wa kò jìn, ṣalangá àti sókàwéè sì sún mọ́ ọn. Kòkòrò àrùn kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Sísè ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kì í yọ iyọ̀ kúrò. Ṣe ló ń mú kí iyọ̀ ki sí i, torí omi ló ń gbẹ lọ.

Ọ̀sà

Ẹ lọ sí etí omi, ní Ẹbúté Èrò tàbí Marina, níbi tí òpó tàbí ògiri kan ti wọ inú omi. Ẹ wo ibi tí omi dé lára rẹ̀, ẹ kọ aago. Ẹ padà lọ lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ẹ tún lọ lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta mìíràn. Ọ̀sà ń kún, ó sì ń fà lẹ́ẹ̀mejì láàárín nǹkan bí wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, torí òṣùpá ń fa omi òkun. Aago tó kún lónìí, yóò fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú pẹ́ sí i lọ́la. Nígbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tó bá mọ́lẹ̀ roboto, ìkún náà máa ń ga jù, torí oòrùn àti òṣùpá jọ ń fa omi ní ìlà kan. Ìyàtọ̀ àárín ìkún àti ìfà ní ẹnu ọ̀sà Èkó kò ju nǹkan bí mítà kan lọ. Lórí ilẹ̀ tó fi mítà díẹ̀ péré ga ju òkun lọ, mítà kan kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ẹ wá mú ìwé òjò yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ọ̀sà. Gọ́tà gbogbo ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀sà ni wọ́n ń lọ. Tí òjò bá dé nígbà tí ọ̀sà fà, omi á ṣàn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí òjò kan náà bá dé nígbà tí ọ̀sà kún, ẹnu gọ́tà ti wà lábẹ́ omi, kò sí ibi tí àgbàrá yóò gbà. Ìdáhùn ìbéèrè Adéníjì Adélé tí a fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ pé òṣùpá yóò mọ́lẹ̀ roboto ní òpin ọ̀sẹ̀, tó sì rí i pé àjọ ojú ọjọ́ NiMet ti kéde òjò ńlá, yóò gbé ọjà rẹ̀ kúrò nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kó tó lọ sílé.

Ẹ kíyè sí ohun tó ń léfòó lórí ọ̀sà pẹ̀lú. Ewéko olódòdó elésè àlùkò tí wọ́n ń pè ní water hyacinth gba ipa omi Bàdágírì wọ orílẹ̀-èdè yìí ní 1984. Kì í fẹ́ iyọ̀. Nígbà òjò, odò Ògùn àti àwọn odò yòókù á da omi dídùn sínú ọ̀sà, ewéko náà á bo ojú omi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun á ti iyọ̀ wọlé, ewéko náà á kú. Tí ẹ bá rí i tó pọ̀ lábẹ́ afárá Carter, ẹ ti mọ irú omi tó wà nínú ọ̀sà láìtọ́ ọ wò.

Ewé

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí oòrùn bá mú, ẹ fi ọ̀rá gaara bo ẹ̀ka igi furúùtù tàbí máńgòrò kan tí ewé rẹ̀ tutù, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ pinpin. Ẹ fi ọ̀rá kejì bo ẹ̀ka tí kò ní ewé. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ so ó mọ́ ìdí igi. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹ padà wá. Omi yóò ti kán sí ìdí ọ̀rá kìíní, àwọn méjì yòókù kò ní ní tó bẹ́ẹ̀.

Inú ilẹ̀ ni omi yẹn ti wá. Gbòǹgbò ló fà á, igi gbé e gòkè, ewé sì mí i jáde láti àwọn ihò tó kéré ju ohun tí ojú lè rí. Bí omi ṣe ń di oru lára ewé, ó ń gbé ooru lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan ilẹ̀ abẹ́ igi náà ní aago mẹ́ta yẹn, kí ẹ sì fi kan sìmẹ́ńtì tó wà nínú oòrùn. Kì í ṣe òjìji nìkan ló mú abẹ́ igi tutù. Omi tó ń jáde náà ń ṣiṣẹ́. Òpópónà Breadfruit gba orúkọ lára igi tí wọ́n ti gbìn síbẹ̀ rí. Ẹ rìn ín já ní ọ̀sán lónìí, kí ẹ sọ fún mi bóyá ara yín kò béèrè fún igi náà.

Ìwé yín

Ohun tí ike yín sọ lónìí, ojú ọjọ́ nìyẹn. Ojú ọjọ́ ọgbọ̀n ọdún tí a kó pọ̀ ni àwọn onímọ̀ ń lò láti sọ bí ìgbà ṣe rí ní ibì kan. Nítorí náà, ẹ má sọ pé ayé ti yí padà nítorí pé òjò kan pọ̀ jù, ẹ má sì sọ pé kò yí padà nítorí pé ọdún kan dákẹ́. Ohun tí àkọsílẹ̀ gbogbo ayé fi hàn dájú: ayé ti fi ohun tó lé ní ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì kan gbóná ju bó ṣe wà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún lọ, ojú òkun sì ti fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 gòkè láti 1993. Afẹ́fẹ́ tó bá fi ìwọ̀n kan gbóná sí i lè gbé nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún oru omi sí i. Tó bá sì tú u sílẹ̀, ó lè tú púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ ní àkọsílẹ̀ òjò, kànga àti ọ̀sà lórí ojú ewé kan náà lè rí bí ọ̀rọ̀ ńlá yìí ṣe kan ẹnu ọ̀nà yín.

Tí ọdún bá ti pé, ẹ ṣí ìwé náà kí ẹ tó gbé ṣọ́bìrì. Ẹ wo ọjọ́ tí omi kànga ga jù lọ. Ìdí ṣalangá tàbí sókàwéè gbọ́dọ̀ fi mítà kan ààbọ̀ wà lókè ojú omi yẹn, ó sì yẹ kí ó fi mítà 30 jìnnà sí kànga. Nínú agbolé Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ibi tó gba ìwọ̀n méjèèjì. Tí kò bá sí, ẹ má gbẹ́ ẹ: táǹkì tí a rọ yíká, tí omi kò lè jò jáde nínú rẹ̀, tí ọkọ̀ ń wá fà, ni kí ẹ ṣe. Ẹ fi kànga sílẹ̀ fún ìfọṣọ àti ìfọlẹ̀. Ẹ fi ọ̀pá gba ọ̀ṣọ̀rọ̀ òrùlé sínú dúrọ́ọ̀mù, kí ẹ da èyí tó kọ́kọ́ wá nù nítorí ìdọ̀tí àti ìgbẹ́ ẹyẹ, kí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì bo dúrọ́ọ̀mù pinpin, torí láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹyin ẹ̀fọn ti di ẹ̀fọn. Ibi tí agolo yín ti mu omi kíá jù, ẹ má da sìmẹ́ńtì síbẹ̀. Ẹ gbin nǹkan.